Ooru Tí Mo Pè Ní Oyún

Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ooru náà ti máa ń gbéra. Á gun orúnkún, á gba ẹ̀gbẹ́ wọ àyà, nígbà tó bá fi máa dé ọrùn, aṣọ tí mo wọ̀ á ti lẹ̀ mọ́ mi lára bí ẹni tí òjò ká mọ́nà. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ, tí yóò fi òtútù sílẹ̀ fún mi. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti kọjá ogójì ọdún dáadáa, mo sì ń sún mọ́ àádọ́ta. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ló ń fa ooru yìí, ọmọ ni mo máa sọ, màá sì fi Bíbélì búra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé mo gọ̀ láti ilé wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nílé ọkọ ní Ore láìgbọ́ igbe ọmọ. Ọkọ mi ń lẹ táyà létí títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà kọjá sí ọ̀nà Benin. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ ní ìsọ̀ kékeré kan. Ní ìjọ Aládùúrà tiwa, wọn kì í pe obìnrin tó ń retí ọmọ ní orúkọ rẹ̀, orúkọ ohun tó ń retí ni wọ́n fi ń pè é. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Ìyá Ìbejì, ẹ káàárọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa gbálẹ̀ ilé àdúrà. Bí àlejò bá gbọ́, á máa wo ẹ̀yìn mi bóyá àwọn ìbejì náà ń bọ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń dáhùn nígbà tí mo ṣì kéré. Nígbà tó yá, mo ń dáhùn ṣáá ni, n kì í tilẹ̀ rántí mọ́ pé àdúrà ni.

Wòlíì obìnrin wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wòlíì, fún mi ní òfin tí màá máa pa mọ́ kí inú mi lè gba ọmọ dúró. N kò gbọdọ̀ ru ẹrù. N kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, nítorí gbọ̀ngbọ̀n rẹ̀ a máa mi ilé ọmọ. N kò gbọdọ̀ jẹ ata rodo. N kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sókè níta, kí ayé má baà mọ̀ pé inú mi dùn. N kò sì gbọdọ̀ ya oko bàbá mi ní Ajue, ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún èmi nìkan, nítorí Ìyá Wòlíì rí ohun kan tó dúró nínú igbó ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo pa mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi kò wo ẹnu àáké, mo lò ó títí tó fi kú, n kò kan oyin.

Àfi lọ́dún náà tí nǹkan oṣù mi kò wá. Mo dúró dè é, kò wá. Ooru bẹ̀rẹ̀, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í dá lójú mi, inú ń bí mi sí èèyàn láìnídìí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Wòlíì, ẹ̀mí gbé e lójú ẹsẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lásán fò sókè nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn ti ṣí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan inú mi, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, títí ohun tí Ọlọ́run ṣe yóò fi fara hàn. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti wà lórí Wasáàpù ìjọ, gbogbo wọn ń fi àwòrán ọmọ jòjòló ránṣẹ́ sí mi.

Mo wá lóyún, ẹ̀yin èèyàn mi. N kò rò pé aláboyún kan ti ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí ní Ore. Mo ń gbé agolo mílíìkì kiri, mo ń tutọ́ sínú rẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ ti ìbàdí rìn. Mo ń jẹ ẹfun. Mo ní òórùn rọ́bà táyà ń rìn mí nínú, ọkọ mi sì ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó tó lè wọ yàrá. Ikùn mi kúkú tóbi lóòótọ́. Iyán àti àìṣiṣẹ́ ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Ní àràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àti ọkọ mi máa ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin kan, èmi á gba àdúrà tó gùn bí ọ̀nà Èkó, òun á sì ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é láti ọdún tí a ti fẹ́ra. Ọmọ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ la fi ń parí rẹ̀. N kò lè rántí ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwa méjèèjì jọ sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Alhaja kan tó ń ta aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọjà Ore ló fòpin sí ìdúró mi. Mo lọ ra aṣọ funfun méjì-méjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìbejì ni. Ó ń ká aṣọ náà, ó ń bá mi yọ̀, ó wá bi mí bí obìnrin ṣe ń bi obìnrin pé, “Ọlẹ̀ á ti máa sọ dáadáa báyìí?”

Mo ní, “Kí ló ń sọ?”

“Ọmọ náà. Ṣé ó máa ń yí nínú? Tèmi máa ń gbá mi nípàá ni, n kì í lè kírun dáadáa.”

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo itọ́ mi, mo ń wá inú ara mi kiri fún ọmọ tó yí. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ohun kan ṣoṣo tó tíì yí nínú mi ni afẹ́fẹ́. Alhaja wo ojú mi, ó rọra gbé aṣọ náà padà sórí àtẹ. Ó ní, “Ẹ lọ rí àwọn nọ́ọ̀sì, Ìyá Ìbejì. Aṣọ yìí kò sá lọ.”

N kò lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ mí ní Ore. Odigbo ni mo lọ, ọ̀kadà ni mo sì gùn lọ, mo di ikùn mú lọ́wọ́ kan, mo di ọlọ́kadà mú lọ́wọ́ kejì, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó forí jì mí. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn tó ẹgbẹ́ mi. Ó ń fi páálí kan fẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń bi mí ní ọ̀rọ̀. Ó gba ìtọ̀ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Níkẹyìn ó fa àga sún mọ́ mi.

“Mà, kò sí oyún níbẹ̀. Nǹkan oṣù yín ló ti parí.”

Mo bi í pé, “Ta ló parí ẹ̀?”

“Ẹ̀n?”

“Nǹkan oṣù mi. Mo ní ta ló parí ẹ̀?”

Ó gbé páálí sílẹ̀. “Kò sẹ́ni tó parí ẹ̀, mà. Ọjọ́ orí ni. Gbogbo obìnrin ló ń débẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ibẹ̀ ni mo wà, ṣé ẹ ò rí i bí mo ṣe ń fẹ́ra ni?”

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tó já mi láyà jù kì í ṣe pé kò sí ọmọ. Ohun tó já mi láyà ni pé kò sẹ́ni tó ṣe é. Ìyá mi ti kú kí n tó lọ́kọ, àwọn obìnrin ìjọ kì í sì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì gbọ́ kí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ tàbí kó parí lára èèyàn láìsí ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, a jẹ́ pé aráyé ni. Wọ́n wá ní ara mi ló dá ṣe é fúnra rẹ̀, láìsọ fún mi, láìsọ fún Ìyá Wòlíì. Ojú mi ṣú. Mo di etí àga mú, mo sì rí i pé mo ṣì gbé agolo yẹn lọ́wọ́, mo bá sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí wọn.

Nígbà tí mo jáde, n kò pe ọ̀kadà. Mo kàn ń rìn ni, mo kọjá àwọn oko kòkó, mo kọjá ibi tí àwọn obìnrin ti ń bó pákí, wọ́n kí mi, mo dá wọn lóhùn bí ẹni tó ń sùn. Mo ti rìn jìnnà kí n tó ṣàkíyèsí pé mò ń yára. Obìnrin tí kò lè ti ilé dé ìsọ̀ láìsinmi, òun ló ń fẹsẹ̀ gbo ọ̀nà Odigbo yìí. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ ara mi bà mí. Ọlọ́kadà kan ló ṣàánú mi nígbà tó rí i pé mò ń sunkún lọ lójú ọ̀nà, ó gbé mi dé Ore.

Ọkọ mi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ọkọ̀ àjàgbé nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró títí oníbàárà fi lọ. Mo sọ ọ́ fún un bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó jókòó lórí táyà kan, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú.

“Ṣé o ti jẹun?”

Ó yà mí lẹ́nu débi pé ẹkún mi dá. Mo ní n kò tíì jẹun. Ó dìde, ó lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́. Kò sọ ohun mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kò kọrin, kò kúnlẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló wá bí ìbéèrè tó fẹ́ẹ̀ pa mí: ṣé ọmọ ni ọkùnrin yìí ń dúró dè ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àbí èmi ló dúró tì? Bó bá jẹ́ ọmọ ló ń dúró dè, ìdúró ti parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tilẹ̀ ti Omifunfun wá, ó sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó mọ ilé tọ́jú, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí n má baà gbọ́. Mo tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbọ́ èsì ọkọ mi. Gbogbo ohun tó sọ ni, “Mo ti gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n.” Kò sí ẹni tó lè sun oorun lórí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àsìkò ẹ̀rí jíjẹ́ tó, gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Wọ́n ti ń retí ẹ̀rí mi. Mo dìde. Mo ní lọ́kàn láti kàn sọ pé kí wọ́n máa bá mi gbàdúrà, kí n jókòó. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Kò sí oyún. Mo ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan oṣù mi ló parí, ọjọ́ orí ló sì parí ẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fa aṣọ mi pé kí n jókòó. Ìyá Wòlíì ti kúrò lórí àga, ó ní àwọn ayé ló ti gbé e lọ, ó ní ààwẹ̀ ló kù, ó ní kí gbogbo obìnrin dìde láti bá mi gbà á. Mo sì gbọ́ ohùn kan tó ní, “Rárá, Ìyá. Ẹ má gbààwẹ̀ fún mi mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.” Mo wẹ̀yìn láti wo ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi, ògiri ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo mú bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo lọ sílé.

Mo rò pé wọ́n á lé mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ìyá Wòlíì wá sílé wa ní ọ̀sán, òun nìkan, láìwọ aṣọ funfun. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Ó jókòó, ó mu omi, ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ó tún jókòó. Ó ń fi etí gèlè nu ọrùn.

“Ọma mi,” ó ní, ohùn rẹ̀ ti di ti àwọn ará Ìkálẹ̀ tó ń sọ nílé, kì í ṣe ohùn orí pẹpẹ. “Ooru yẹn tí o wí. Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn sọ bóyá ó máa ń tán?”

Ó wá là á fún mi. Obìnrin yìí ti ń fi omi àdúrà wẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì, ó rò pé àwọn ọ̀tá ló ń jó òun láti ìsàlẹ̀ wá. Ó ti gbààwẹ̀ títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Mo sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín òkè tó sọ pé n kò gbọdọ̀ rín. Láti ọjọ́ náà, bí obìnrin kan nínú ìjọ bá ní ooru ń yọ òun lẹ́nu, Ìyá Wòlíì á ní kó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi ná, kó tó wá sọ́dọ̀ òun. A kò sọ̀rọ̀ òfin wọ̀nyẹn rí. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ajue ni mo wá kọrí sí. N kò ní ìdí gidi kan, mo kàn fẹ́ rí ohun tó dúró nínú igbó tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí. Ọ̀pẹ ló dúró níbẹ̀, ọ̀pẹ àti kòkó tó ti darúgbó, àti ìgbẹ́ tó bò wọ́n. Mo ra àdá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣán ìgbẹ́, ọwọ́ mi bó. Ọjọ́ kejì mo tún lọ. Mo gbin pákí, mo gbin ata rodo, mo sì jẹ nínú ata náà títí imú mi fi ń ṣomi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ru apẹ̀rẹ̀ pákí jáde sójú ọ̀nà, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo dúró tì í, mo ń wò ó. Èmi ni mo rù ú. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún, n kò sì mọ̀ pé mo lágbára. Inú mi dùn, inú sì bí mi pẹ̀lú, nítorí àwọn ọdún tí mo fi tọ́jú ara mi bí ẹyin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti padà sí Ore nírọ̀lẹ́, ìbéèrè mi ṣì ń dúró dè mí nílé. Ọkọ mi á kí mi kú oko, á jẹun, á dákẹ́.

Èmi ni n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin tí Ẹ̀gbọ́n ń wí lẹ ń gbèrò, ẹ sọ ọ́, kí n mọ ibi tí mo dúró. Ẹ ò bá mi gbàdúrà mọ́.”

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. “Àdúrà kí ni?”

“Àdúrà tí a jọ máa ń gbà. Ti ọmọ.”

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kejì lọ́wọ́. “Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ọmọ sílẹ̀,” ó ní. “Ó ti pẹ́ gan-an. Ìwọ lò ń tọrọ ọmọ. Èmi, àmín tìẹ ni mò ń ṣe. Ìgbà tí o ò tọrọ ẹ̀ mọ́, n kò mọ ohun tí màá ṣe àmín sí.”

N kò ní parọ́ fún yín pé inú mi dùn lójú ẹsẹ̀. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, tó ń wò mí tí mò ń gbé agolo itọ́ kiri ìlú. Ó ní, “Ṣé wàá gbọ́?” Mo ronú sí i, mo rí i pé n kò ní gbọ́. Bó bá sọ ọ́ fún mi nígbà náà, ọ̀tá ni màá pè é. Ó mọ̀ mí dáadáa ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ, ó sì ń bọ́ aṣọ lẹ́yìnkùlé wẹ̀ kí òórùn táyà má baà rìn mí nínú, nítorí oyún tí kò gbà gbọ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn títí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù lọ títí di òní kì í ṣe Ìyá Wòlíì, kì í sì í ṣe ara mi tó dá ìpinnu ṣe láìbi mí. Ó yà mí lẹ́nu pé ọkùnrin kan kúnlẹ̀ tì mí ní gbogbo òwúrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí n kò bi í lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé, ìwọ ńkọ́, kí lò ń fẹ́? Àwọn ìgbà mìíràn máa ń wà tí rírí aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́jà ṣì máa ń dùn mí. Ìrora yẹn kò tán, n kò sì retí kó tán.

A ti padà sórí ìkúnlẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò mọ ohun tí a máa sọ. A ń wo ara wa bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Mo ti tọrọ òjò fún pákí mi, mo ti tọrọ ìwòsàn fún ojú tó ń dun Ìyá Wòlíì. Láàárọ̀ yìí, n kò rí nǹkan kan tọrọ. A kúnlẹ̀ ṣáá, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá lórí títì, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ọkọ mi ní, “Àmín.” N kò bi í pé àdúrà wo ni. Mo ṣe àmín sí i.